Kì í ṣe sífílíìsì ló gbé wíìgì funfun dé orí òyìnbó

Lọ́jọ́ tí a ń yọ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé ó di agbẹjọ́rò, wíìgì rẹ̀ ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Èmi náà gbà á. Irun ẹṣin ni, ó ń ta ni lọ́wọ́, wọ́n ká a róbótó-róbótó ní ìlà-ìlà, ìrù tín-ín-rín méjì sì rọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn. Ibi tí mo ti ń wò ó ni bàbá kan ti sọ pé: "Ṣé ẹ mọ̀ pé sífílíìsì ló kọ́ òyìnbó ní nǹkan yìí? Àrùn ti jẹ irun orí wọn tán." Gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọdé, wọ́n sì ń fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní gbogbo ìgbà.

Sífílíìsì, àrùn tí ìbálòpọ̀ ń kó ranni, a máa mú kí irun já, n kò jiyàn. Ó pọ̀ ní Yúróòpù láyé ọjọ́un, n kò jiyàn ìyẹn náà. Ọdún ni kò bára mu. Nǹkan bí ọdún 1495 ni àrùn náà bú jáde láàrin àwọn ọmọ ogun Faransé tó wà ní Naples ní Ítálì, kò sì pẹ́ tó fi tàn káàkiri. Wíìgì ọkùnrin kò gbòde tó bẹ́ẹ̀ títí di nǹkan bí ọdún 1660. Ó lé ní ọgọ́jọ ọdún láàrin méjèèjì. Baba kú, ọmọ kú, ọmọ-ọmọ kú, àrùn ń bá wọn jà, wọn kò sì dé wíìgì. Ẹ wá wo ìparí rẹ̀. Kí ọdún 1800 tó pé, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti ń bọ́ wíìgì sílẹ̀, sífílíìsì kò sì lọ síbì kankan. Ọdún 1943 ni àwọn dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pẹnisílínì wò ó. Nǹkan tó ṣáájú wíìgì dé, tó tún dúró lẹ́yìn tí wíìgì lọ, báwo la ṣe fẹ́ sọ pé òun ló fà á?

Mo ro gbogbo èyí fún bàbá náà. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní: "Ó dáa, kí ló wá dé tó fi funfun?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn, nítorí kò funfun níbẹ̀rẹ̀. Louis Kẹtàlá, ọba Faransé, ni orí rẹ̀ ń pá tó fi dé wíìgì. Ọmọ rẹ̀, Louis Kẹrìnlá, dé tirẹ̀, àwọn ìjòyè sì tẹ̀ lé e. Charles Kejì, tí Faransé wà lára ibi tó sá lọ kó tó padà wá jọba ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1660, wíìgì dúdú ló dé. Ohun tí ọba bá dé, ààfin á dé e; ohun tí ààfin bá dé, olówó ìlú á wá a rà. Ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e ni àtíkè funfun tó gbòde. Sítáàṣì àlìkámà ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á fi òórùn dídùn sí i. Onígbàjámọ̀ á fi ẹwìrì kékeré fẹ́ ẹ sórí, oníbàárà á fi nǹkan bo ojú kó má baà kó sí i lójú. Irun orí ara wọn gan-an ni àwọn mìíràn ń da àtíkè sí. Irun George Washington ti Amẹ́ríkà nìyẹn, kì í ṣe wíìgì.

Àwọn tó ní iná orí ló fà á ní ẹsẹ̀ díẹ̀ nílẹ̀ ju ti sífílíìsì lọ. Samuel Pepys, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sílẹ̀, kọ ọ́ lọ́dún 1663 pé wàhálà àtimú irun mọ́ ló ń ti òun sídìí wíìgì. Àmọ́ ní oṣù Keje ọdún 1664, ọkùnrin yìí kan náà gbé wíìgì tuntun padà lọ bá onígbàjámọ̀ rẹ̀, torí pé ẹyin iná kún inú rẹ̀. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé lọ́dún 1665, ẹ̀rù ń bà á pé kò sẹ́ni tí yóò láyà láti ra irun mọ́, kó má lọ jẹ́ irun òkú.

N kò ní búra pé kò sí ẹni tó fi wíìgì bo àrùn mọ́lẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n wà, kí wọ́n má sì kéré. Ohun tí mo rí nínú ọdún wọ̀nyí ni pé àṣà ààfin lágbára ju àrùn lọ. Bí fídíò náà bá tún dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó bóyá ó dárúkọ ọdún kan ṣoṣo kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Owó wà lára ohun tó lé àtíkè lọ. Lọ́dún 1795, nígbà tí búrẹ́dì wọ́n, ìjọba Bìrìtìkó ní kí ẹni tó bá fẹ́ lo àtíkè irun máa san gíníì kan lọ́dún, ìyẹn pọ́n-ùn kan àti ṣílè kan. Àwọn agbẹjọ́rò kò bọ́ tiwọn. Lọ́dún 1822, Humphrey Ravenscroft, tó ń ṣe wíìgì ní Lọ́ńdọ̀nù, gba ẹ̀tọ́ lórí wíìgì onírun ẹṣin tí kò fẹ́ àtíkè. Nígbà tí Christopher Sapara Williams fi di agbẹjọ́rò ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1879, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ará ìlú lásán kò dé wíìgì mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irú ti Ravenscroft yẹn ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbà padà lọ́wọ́ mi, tó rọra gbé sínú agolo rẹ̀.