Bí Omi Òrùlé Ṣe Ń Di Ibòji Lára Ogiri Ilé Ìjọsìn

Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ inú oṣù Kejì, bí ènìyàn bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ogiri ṣọ́ọ̀ṣì kan tí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ní Iléṣà, kò ní pẹ́ tí yóò fi yọ ọ́. Búlọ́ọ̀kù àti símẹ́ǹtì ogiri náà ti ń gba oòrùn láti ìgbà tí ọ̀sán ti yẹ̀, wọn kò sì tíì tú èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sínú ilé. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ ni wọn yóò tó máa tú u sílẹ̀, ní wákàtí tí àwọn ènìyàn péjọ fún ẹ̀kọ́ Bíbélì, tàbí tí wọ́n tò fún ìrun alẹ́ ní mọ́ṣálásí. Ìdí nìyẹn tí inú ilé ìjọsìn fi máa ń móoru lẹ́yìn tí oòrùn ti wọ̀, tí fáànù á sì máa da afẹ́fẹ́ gbígbóná lé àwọn ènìyàn lórí.

Ìtàkùn tí a bá fà síwájú irú ogiri bẹ́ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ méjì. Èkíní hàn sí gbogbo ojú: ewé ń gba oòrùn kí ó tó dé ara ogiri. Èkejì ni ó yẹ kí a dúró lé lórí, nítorí òun ni ó mú kí ewé sàn ju tapólì lọ. Ewé ń làágùn. Àwọn ìyá wa ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́ lára àmù. Ìkòkò amọ̀ tí a gbé sí kọ̀rọ̀ ilé máa ń rin lára; omi tí ó ń yọ lára rẹ̀ ń di oru lọ sínú afẹ́fẹ́, bí ó sì ti ń lọ ni ó ń gbé ooru kúrò lára omi tí ó kù nínú ìkòkò, tí omi náà fi ń tutù láìsí iná mànàmáná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ewé ń ṣe. Lítà omi kan ṣoṣo tí ó bá di oru lára ewé ń gba ooru tí ó tó láti mú omi lítà méje tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn gbóná títí yóò fi hó.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i, kí ó mú ọ̀rá funfun tí a lè rí inú rẹ̀, kí ó fi bo ọwọ́ gbọ̀rọ̀ kan tí ó ní ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó so ẹnu ọ̀rá náà pinpin ní àárọ̀, kí ó sì padà wá wò ó ní ọ̀sán. Inú ọ̀rá yóò ti ṣú bí ojú dígí tí a mí sí, ẹ̀kán omi yóò sì ti gbárajọ sí igun rẹ̀ nísàlẹ̀. Omi tí a dà sí ìdí gbọ̀rọ̀ náà ni, tí gbòǹgbò fà, tí ìtàkùn gbé gòkè, tí ewé sì ń tú dànù sí afẹ́fẹ́. Bí ìtàkùn kò bá rí omi mu, yóò pa àwọn ihò tíntìntín ara ewé rẹ̀ dé, òógùn yóò dá, kò sì ní pẹ́ tí ewé náà yóò fi rọ. Láti orí páànù títí dé inú ìkòkò ọbẹ̀, ọ̀nà omi ni gbogbo ètò yìí ń tọ̀.

Kí a tó gbẹ́ ihò kankan, ogiri ni kí a kọ́kọ́ yàn. Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7.5 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ọ̀sán ń dúró sí àárín orí gan-an, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Láàárín ìgbà méjèèjì, apá àríwá ni oòrùn ń gbà kọjá, ṣùgbọ́n ìkùukùu òjò máa ń bo ojú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Láti oṣù Kẹwàá títí wọ oṣù Kẹta, apá gúúsù ni ó ń gbà, òjò sì ti dá ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkókò náà. Nítorí náà, ogiri ìwọ̀-oòrùn ni ó yẹ kí ìtàkùn kọ́kọ́ bò, kí ó tó kan ti gúúsù. Ti àríwá kò tó ohun tí a ń náwó lé.

Ti mọ́ṣálásí tún ní àkíyèsí tirẹ̀. Láti Ilé-Ifẹ̀, ìlà-oòrùn tí ó yà díẹ̀ sí àríwá ni Mẹ́kà wà, ibẹ̀ sì ni mọ́ṣálásí ń dojú kọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ wá kọ sí ìwọ̀-oòrùn tí ó yà díẹ̀ sí gúúsù. Ogiri ẹ̀yìn yẹn gan-an ni oòrùn ọ̀sán ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ń pa jù, ẹ̀yìn náà sì ni àwọn obìnrin sábà máa ń wà. Bí owó tí ó wà nílẹ̀ kò bá tó ju ogiri kan lọ, ibẹ̀ ni kí a ná an sí.

Ìtàkùn ara ogiri kò lè gba ilé sílẹ̀ lọ́wọ́ ooru páànù. Èyí tí ó ń ti òkè wá ń fẹ́ àjà tí ó dára, àyè tí atẹ́gùn lè gbà kọjá lábẹ́ òrùlé, tàbí igi ńlá tí yóò gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó ga. Kò sì yẹ kí ewé bo fèrèsé, torí afẹ́fẹ́ tí ó ń wọlé ṣe pàtàkì bí ibòji ti ṣe pàtàkì.

Ọ̀nà tí ìtàkùn kọ̀ọ̀kan ń gbà gun nǹkan ni yóò sọ irú ohun tí a ó fún un gùn. Àwọn kan ń lọ́ ara wọn mọ́ igi: iṣu, àmúnútutù, wọ̀rọ̀wọ́ àti pòpòǹdó wà lára wọn. Igi tí kò nípọn ju ọrùn ọwọ́ lọ, tàbí okùn tí a ta gan-an láti òkè délẹ̀, ni wọ́n ń fẹ́. Ó tilẹ̀ ní apá tí kálukú ń lọ́ sí. Iṣu funfun àti esúrú kì í lọ́ sí apá kan náà, bí a bá sì fi ọwọ́ yí ọ̀dọ́ ìtàkùn sí apá tí kì í ṣe tirẹ̀, yóò tú ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ mélòó kan. Àwọn mìíràn, bíi gbọ̀rọ̀, ejìnrìn, igbá àti ugu, ní ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń wá nǹkan káàkiri. Bí ọwọ́ yẹn bá ti kan wáyà, yóò ká a mọ́ra, yóò sì wá lọ́ ara rẹ̀ pọ̀ bíi sípíríǹgì, tí yóò fi fa gbogbo ìtàkùn súnmọ́ ohun tí ó dì mú. Ọwọ́ náà kò lè di ọ̀pá ńlá mú. Wáyà tàbí okùn tí kò tó ìka nípọn ló dára fún un.

Ẹ̀yà kẹta ni kí a ṣọ́ra fún. Ata ìyẹ̀rẹ̀ àti àwọn ìtàkùn òdòdó kan ń ti ara wọn yọ gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tí ó ń lẹ̀ mọ́ ohun tí wọ́n ń gùn. Lára igi, kò sí ewu. Lára ogiri ilé àtijọ́ tí a fi amọ̀ mọ tí a sì fi símẹ́ǹtì rẹ́, gbòǹgbò yẹn yóò wọ inú sísán, omi òjò yóò tẹ̀ lé e, ìrẹ́lẹ́ yóò sì máa ṣí kúrò ní abala-abala. Nítorí èyí, kò yẹ kí ìtàkùn èyíkéyìí kan ogiri rárá. Fírémù irin tàbí igi tí a fi wáyà hun ni a ń rì síwájú ogiri, kí àlàfo tí ó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ààbọ̀ wà láàárín wọn. Àlàfo náà kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin dúró lára ogiri, ó sì ń jẹ́ kí akunlé rí ọ̀nà bí ó bá tó àkókò láti tún kun ún. Bí ó bá jẹ́ igi tàbí ọparun ni a lò, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí símẹ́ǹtì, nítorí ikán.

Ibi kan wà tí òpó alààyè ti sàn ju òkú igi lọ, ìyẹn ni etí ọgbà. Àwọn àgbẹ̀ ń fi akòko ṣe òpó iṣu tí ó ń hu, pèrègún àti ìyeyè náà sì ń ta gbòǹgbò láti ara ọ̀pá tí a gé rì mọ́lẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ kò ṣàì mọ ilé ìjọsìn tí ewé yí ká: inú igbó ni ojúbọ ọ̀pọ̀ òrìṣà wà láti ìpìlẹ̀, pèrègún sì ni àmì tí a fi ń mọ ààlà ibi ọ̀wọ̀. Nítorí ìtàn yìí gan-an ni àwọn ìjọ kan yóò ṣe kọ pèrègún lọ́gbà wọn. Ó yẹ kí a sọ ọ̀rọ̀ náà ní ìpàdé kí a tó gbìn ín, dípò kí ẹnìkan wá fà á tu lóru. Ìyeyè tàbí lápálápá lè ṣe iṣẹ́ odi tí yóò dá ewúrẹ́ dúró, láìsí àríyànjiyàn.

Nínú gbogbo ìtàkùn tí a lè jẹ, wọ̀rọ̀wọ́ ló yẹ ká fi ojú pàtàkì wò ní agbègbè yìí. Abẹ́ kókó ni àwọn àgbẹ̀ ti sábà máa ń rí i já, torí kò kórìíra òjìji. Nítorí náà, ó lè hù ní ìsàlẹ̀ fírémù níbi tí ewé gbọ̀rọ̀ ti ṣíji bo ilẹ̀. Àmúnútutù ń ṣe dáadáa ní ibi tí omi kò ti wọ́n. Tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ṣọkọ yòkòtò kì í gun nǹkan, inú ebè níwájú fírémù ni àyè tiwọn, níbi tí oòrùn wà. Kí a sì mọ wérèpè àti èsìsì yàtọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì kéré, kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi tàbí ilé kéwú má bàa fi ara kàn wọ́n.

Omi ni ó kù, òun sì ni olórí ọ̀rọ̀. Mìlímítà òjò kan tí ó rọ̀ sórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà omi kan. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tí ó gùn ní mítà 20, tí ó fẹ̀ ní mítà 12, jẹ́ mítà 240 níbùú lóròó. Òjò mìlímítà 10, tí kì í ṣe òjò ńlá rárá, yóò da lítà 2,400 sórí rẹ̀. Bí ìdá kan nínú márùn-ún bá tilẹ̀ ṣòfò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 2,000 tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ lè darí sí táǹkì. Òjò mẹ́ta bẹ́ẹ̀ yóò kún táǹkì lítà 5,000. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọgbà ilé ìjọsìn ni a ti fi íntálọ́ọ̀kì tàbí kọnkéré bò fún ọkọ̀, omi yìí kan náà ni ó sì ń di àgbàrá tí ó ń gbẹ́ ojú ọ̀nà àwọn ará ìsàlẹ̀. Ó dunni, nítorí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni a ó máa ra omi.

Bí ogún ìtàkùn bá ń gba lítà méjì-méjì lójúmọ́, lítà 40 ni, táǹkì lítà 5,000 yóò sì tó ọjọ́ 125, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kọjá. Kò ní tó fún ebè ẹ̀fọ́ pẹ̀lú. Ní mọ́ṣálásí, omi àlùwàlá lè ṣe ìyókù. Kò sí ọṣẹ nínú rẹ̀. Bí ọgọ́ta ènìyàn bá lo lítà mẹ́ta-mẹ́ta fún ìrun Jímọ̀, lítà 180 ni ó ń ṣàn wọ gọ́tà. Ojú ọ̀nà omi tí a gbẹ́, tí a kó òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn sí, lè gbé e lọ sí ìdí ìtàkùn. Gbòǹgbò ni kí a darí rẹ̀ sí, kì í ṣe ewé. Ìbòrí àti nẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́nu táǹkì, nítorí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá ti tó kí ẹyin ẹ̀fọn di ẹ̀fọn tí ń fò.

Ilẹ̀ náà ní láti lè di omi mú. Èèpo kókó tí ó ti jẹrà àti ìgbẹ́ adìyẹ tí a ti jẹ́ kí ó dá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan dára fún un. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé adìyẹ dé yóò jó gbòǹgbò. Ẹ má ṣe kó iyẹ̀pẹ̀ wá láti ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù ní agbègbè Iléṣà: irin olóró lè wà nínú rẹ̀, ẹ̀fọ́ sì lè fà á.

Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni ó ń mú omi yìí dé ìdí ewéko, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọgbà ti ń kú. Gbígbẹ́ ihò, rírì fírémù àti gbígbìn jẹ́ iṣẹ́ ọ̀wẹ̀: gbogbo ìjọ jáde lọ́jọ́ kan, wọ́n jẹun, wọ́n tú ká. Bíbomi rin kò lè jẹ́ ọ̀wẹ̀, àárò ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó bá parí ọ̀sẹ̀ yóò fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ táǹkì lé ẹgbẹ́ tí ó kàn lọ́wọ́ níwájú ìjọ. Ebè náà ni a ń pín bẹ́ẹ̀, kí ìdílé kan lè mọ̀ pé ebè tèmi nìyí. Èyí tí ó bá wà létí ọ̀nà ni kí a fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ebi ń pa, gẹ́gẹ́ bí Léfítíkù 19 ti ní kí a má ṣe kórè igun oko tán. Mùsùlùmí náà mọ̀ pé ohun tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹran bá jẹ lára ohun tí òun gbìn, sàráà ni fún òun.

Nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹwàá, a ó gé ìtàkùn tí ó ti gbó, a ó kó koríko gbígbẹ bo ìdí àwọn tí ó kù, a ó sì fi ebè díẹ̀ sílẹ̀ láìgbìn. Gbogbo ohun tí ó bá wà nílẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ogiri dé orúnkún ni kí a máa gé mọ́, kí ejò má bàa rí ibi sá sí. Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá sì dé ní oṣù Kẹta, a ó yọ páìpù kúrò lẹ́nu táǹkì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí omi tí ó fọ eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lórí páànù ṣàn dànù, kí a tó dá a padà.