Ọwọ́ àgbàṣe ni kọngílá Ìbàdàn ti wá

Títí dòní ni àwọn kan ń sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ ọmọ Ìbàdàn bí onílé àti kọngílá ṣe ń ṣe àdéhùn. Wọ́n á ní rélùwéè tó wọ ìlú ní 1901 ló gbé e wá, tàbí iṣẹ́ Gbọ̀ngàn Mapo tí ẹnjiníà Taffy Jones bójú tó, tí wọ́n ṣí ní 1929. Bébà àti ìfọwọ́sí ni ìyẹn kó dé. Ẹni tó yẹ kó pèsè kí ni, ẹni tó jẹ̀bi bí ògiri bá ya, ẹni tó ń bọ́ òṣìṣẹ́, gbogbo ìyẹn ti wà nínú àáró, ọ̀wẹ̀ àti àgbàṣe.

Àáró ni kí ọkùnrin mẹ́rin tàbí mẹ́fà kó ara wọn jọ, kí wọ́n ṣe ti ẹnì kan lónìí, ti ẹlòmíràn lọ́la. Ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n fi ń san ọjọ́ iṣẹ́. Ẹni tó bá jẹ àáró tí kò san án, tirẹ̀ ni yóò kù sílẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ní tirẹ̀, onílé ló ń bẹ̀ ẹ́, òun ni yóò sì wá oúnjẹ àti ẹmu. Àna kò lè sá fún un: bí bàbá ìyàwó bá fẹ́ mọlé, ọkọ ọmọ yóò kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, bí oko tirẹ̀ tilẹ̀ kún fún igbó. (Ìyàwó náà á máa fojú ka iye èèyàn tí ọkọ òun rí kó wá, ọ̀rọ̀ ìyẹn gùn.) Àgbàṣe nìkan ló ní owó nínú: iṣẹ́ báyìí, iye báyìí, lójú ẹlẹ́rìí.

Ní nǹkan bí 1829 tí Ìbàdàn di ibùdó ogun, ọmọ Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ló dà pọ̀ síbẹ̀. Àáró ń fẹ́ aládùúgbò tí a mọ bàbá rẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ń fẹ́ ẹbí àti àna. Jagunjagun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ta ni yóò bẹ̀? Bí kò bá ní ẹrú tàbí ọmọ ogun, owó ẹyọ ni yóò kà sílẹ̀. Mo gbà pé ìdí rèé tí àgbàṣe ilé fi tètè gbó n'Íbàdàn ju àwọn ìlú tí ìdílé ti fìdí múlẹ̀ tipẹ́ lọ. Nígbà tí Balógun Ìbíkúnlé sì ń mọ odi ìlú ní nǹkan bí 1858, ó ṣòro láti rò pé wọn kò pín in ní apá apá, kí olúkúlùkù olórí ogun máa dáhùn fún tirẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kọngílá kékeré ti wà lábẹ́ kọngílá ńlá láti ìgbà náà. Àwọn tó ń fi David àti Anna Hinderer, òjíṣẹ́ CMS (ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà) tó tẹ̀ dó sí Kúdẹtì n'Íbàdàn ní 1853, ṣe baba àdéhùn ilé, ẹ jẹ́ kí wọ́n rántí pé àlejò ni tọkọtaya náà: mọlémọlé tó ti mọ iye tí òun ń gbà ni wọn yóò bá nílé.

Ẹ wo bí iṣẹ́ ilé amọ̀ ṣe pín. Onílé ni yóò fi ilẹ̀ hàn, òun náà ni yóò rí i pé omi wà. Obìnrin àti ọmọdé ló sábà ń pọn ọ́n. Àwọn kan ń gbẹ́ amọ̀ lẹ́bàá ibẹ̀, wọ́n ń ṣa gbòǹgbò àti òkúta kúrò. Àwọn kan ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á jẹ́ kó sùn mọ́jú, wọ́n á tún un tẹ̀. Àwọn mìíràn ń sù ú, wọ́n ń jù ú sí mọlémọlé lórí ògiri. Ìpele kan kì í fi bẹ́ẹ̀ ju orúnkún lọ, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀, yóò sì gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan kí òmíràn tó gùn ún. Bí mọlémọlé bá kánjú, ìsàlẹ̀ á wú, ògiri á tẹ̀: ẹ̀bi rẹ̀ ni, òun ni yóò wó o. Bí omi kò bá dé tí amọ̀ fi gan nínú ihò, ẹ̀bi onílé ni, kò sì lè bá ẹnikẹ́ni jà pé iṣẹ́ pẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń mọ ọ́n, wọ́n á sì ti fi koríko bẹẹrẹ bo orí rẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Òjò yẹn ló ń dán òrùlé wò. Onílé tó gbọ́n wo ni yóò ti san owó tán kó tó rọ̀? Ibẹ̀ ni mo ti rí baba 5% owó iṣẹ́ tí wọ́n ń dá dúró lọ́wọ́ kọngílá lónìí, títí oṣù mẹ́fà yóò fi pé lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Yunifásítì dé ní 1948, Maxwell Fry àti Jane Drew ya àwọn ilé rẹ̀. Ayàwòrán ilé wá yà kúrò lára ẹni tó ń kọ́ ọ, sàfẹ́yọ̀ tó ń ṣírò ohun èlò bọ́ sáàárín. Fọ́ọ̀mù àdéhùn tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1963 ni ìjọba àpapọ̀ wò ṣe tirẹ̀ ti 1990. Nínú ti 1963, bí ayàwòrán bá fẹnu pàṣẹ, kọngílá ní ọjọ́ méje láti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i. Bí kò bá takò ó láàárín ọjọ́ méje mìíràn, ó ti di àṣẹ. Nígbà tí òfin 2007 lórí iṣẹ́ ìjọba kọ́kọ́ jáde, ó ní àsansílẹ̀ kọngílá kò gbọdọ̀ ju 15% lọ, pẹ̀lú onídùúró.

Ẹni tó ń kọ́lé ara rẹ̀ ní Ológunẹ́rù tàbí Olódó kì í fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kankan. Owó iṣẹ́ nìkan ló ń bá bíríkìlà sọ. Òun ló ń ra sìmẹ́ǹtì, iyanrìn, gíráníìtì àti irin. Àpò sìmẹ́ǹtì tó yẹ kó yọ bùlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án bí 30, ẹlòmíràn á nà án dé 45, bùlọ́ọ̀kù á máa fọ́ lọ́wọ́ tó ń gbé e. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń da kọnkéré òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí iṣẹ́ kò gbọdọ̀ dúró kí kọnkéré tí wọ́n dà kẹ́yìn má bàa sán níbi tó ti pàdé ti ìṣáájú, onílé sábà máa ń bọ́ gbogbo lébúrà, kì í sì í yọ ọ́ nínú owó wọn. Fọ́ọ̀mù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dárúkọ oúnjẹ. Ọ̀wẹ̀ ló dárúkọ rẹ̀. Igi tó gbé kọnkéré náà dúró yẹ kó lo tó ọjọ́ 21. Bíríkìlà tó yọ ọ́ ní ọjọ́ keje kó lè kó pákó lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, tí àárín bá tẹ̀, ọrùn rẹ̀ ni àtúnṣe wà, àfi bí onílé bá ti fẹnu ara rẹ̀ ní kó yọ ọ́.