Sẹ́ńsọ̀ Ń Ṣiṣẹ́, Kí Ló Dé Tí Ilẹ̀kùn Fi Bà Lé Tírélà Lórí?

Gẹ́ètì àti ilẹ̀kùn tó ń fi iná ṣí ni iṣẹ́ mi, láti Ìkẹjà dé Àpápá, títí kọjá afárá lọ sí Ìkòyí. Ìbéèrè kan náà ni àwọn oníbàárà ń bi mí ṣáá, torí náà mo kó wọn jọ síbí. Ní Èkó tiwa, bí ènìyàn bá pe gáréèjì, ibùdó dánfó ni ọkàn ọ̀pọ̀ ń lọ. Èmi kò sọ ìyẹn. Ilẹ̀kùn ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí nínú ilé ni mò ń sọ, àti ilẹ̀kùn ńlá ti wáháòsì àti ilé iṣẹ́, àti gẹ́ètì onírìmóòtù tó pọ̀ ládùúgbò wa.

Ìbéèrè: Wáháòsì wa wà ní Àpápá. Sẹ́ńsọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì, a sì ń dán an wò: tí a bá na ẹsẹ̀ síbẹ̀, ilẹ̀kùn á padà sókè. Síbẹ̀ ó bà lé tírélà lórí níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù. Ṣé sẹ́ńsọ̀ náà ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. Ibi tí wọ́n ní kó máa wò ló ń wò.

Àpótí kékeré méjì ni sẹ́ńsọ̀ yìí. Ọ̀kan ń tan iná, èkejì ń gbà á. Ojú wa kò lè rí iná náà, irú èyí tó ń jáde lẹ́nu rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ni. Bí nǹkan bá dí i, bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó iná tó ń darí ẹ́ńjìnnì ilẹ̀kùn, á mọ̀, á sì dá ilẹ̀kùn padà. Ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo ni. Ẹ rò ó bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ta láti òpó kan sí èkejì: ohun tó bá kan okùn ló mọ̀, ohun tó bá gba òkè rẹ̀ tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá, kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ wo tírélà. Táyà orí wà níwájú, táyà ìdí wà lẹ́yìn pátápátá, àárín wọn ṣófo gbalasa. Bí awakọ̀ bá dúró débi pé àlàfo yẹn ló bọ́ sójú sẹ́ńsọ̀, iná á gba abẹ́ tírélà kọjá wẹ́rẹ́. Lójú bọ́ọ̀dù, kò sí nǹkan kan lẹ́nu ọ̀nà. Kọ̀ńtéénà sì wà lókè níbẹ̀ gangan. Fọ́kílíìfù náà ń fa irú rẹ̀: apá irin rẹ̀ àti ẹrù tó gbé sókè lè ti wọ abẹ́ ilẹ̀kùn kí táyà rẹ̀ tó dé ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà.

Ohun tí ẹ lè ṣe pín sí méjì. Ẹ lè fi sẹ́ńsọ̀ kejì sí òkè, ní ọ̀gangan ibi tí ara kọ̀ńtéénà máa ń wà. Ìyẹn dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ àlàfo ṣì wà láàárín ìlà méjèèjì. Èyí tí mo fara mọ́ jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní láìtì kọ́tìn: òpó méjì tó kọjú síra, tí iná wẹ́wẹ́ tò lé ara wọn lórí láti ilẹ̀ dé òkè, tó ga ju ènìyàn lọ. Owó rẹ̀ ju ti sẹ́ńsọ̀ ẹlẹ́yọ kan lọ dáadáa, n kò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n níbi tí tírélà ti ń wọlé lójoojúmọ́, òun ni mo ń kọ sínú ìwé owó, mi ò sì ń gbà kí wọ́n yọ ọ́.

Ìbéèrè: Ilé la ń gbé ní Sùúrùlérè, ọmọ ọdún mẹ́rin sì wà níbẹ̀. Ibo ni kí wọ́n fi sẹ́ńsọ̀ sí? Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?

Ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n fi í sí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi òfin dè é pé ẹ́ńjìnnì ilẹ̀kùn ìgbọ́kọ̀sí tí wọ́n bá ṣe láti ọdún 1993 gbọ́dọ̀ ní ohun ààbò bíi sẹ́ńsọ̀ yìí, sẹ́ńsọ̀ náà kò sì gbọdọ̀ ga ju ínǹṣì 6 lọ láti ilẹ̀. Ọmọ tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ yí sábẹ́ ọkọ̀ kì í dúró ṣánṣán, ńṣe ló ń dùbúlẹ̀ na ọwọ́. Sẹ́ńsọ̀ tó wà ní ìbàdí àgbàlagbà kò ní rí i.

Kò tó, o. Ilẹ̀kùn ilé tí ọmọdé wà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀, kó sì tún mọ ohun tó fara kàn. Iṣẹ́ kejì yìí, rọ́bà etí ilẹ̀kùn ló ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, torí àwọn ènìyàn rò pé tìmùtìmù lásán ni.

Rọ́bà náà ní ihò nínú bíi páìpù. Nínú ihò yẹn, òkè àti ìsàlẹ̀ ní ohun tó ń gbé iná mànàmáná, wọn kò sì fara kan ara wọn. Wọ́n wá so rẹ̀sísítọ̀ kékeré kan, ìyẹn ohun tó ń dín iná tó ń kọjá kù, mọ́ ìparí rẹ̀; ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílóòmù 8.2. Nígbà tí ara gbogbo rẹ̀ bá le, 8.2 ni bọ́ọ̀dù ń kà. Bí orí ọmọ tàbí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ bá tẹ rọ́bà, òkè àti ìsàlẹ̀ á pàdé, kíkà á já sí òdo, ilẹ̀kùn á sì padà. Bí eku bá gé wáyà ńkọ́? Bọ́ọ̀dù kò ní rí nǹkan kan kà mọ́, ilẹ̀kùn á kọ̀ láti tì. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ nìyí: bí òun fúnra rẹ̀ bá ṣàìsàn, ó ń pariwo. Irú mìíràn wà tó ń lo ìtànṣán iná bíi ti sẹ́ńsọ̀ nínú rọ́bà, òmíràn ń lo afẹ́fẹ́. Àwọn náà dára, bí bọ́ọ̀dù yín bá gbà wọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn ni agbára ẹ́ńjìnnì. Ìlànà EN 12453 ti ilẹ̀ Yúróòpù sọ pé níbi tí etí ilẹ̀kùn ti lè há ènìyàn, agbára tó fi ń tẹ̀ ẹ́ kò gbọdọ̀ ju nútìnnì 400 lọ, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá ni ó sì lè fi tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà kó rọ̀ sí 150 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Nútìnnì 400 dà bí ìwúwo kílò 40, kò tó àpò sìmẹ́ǹtì wa kan. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yí agbára yìí wà lórí bọ́ọ̀dù, òun ló sì ń dùn mí jù. Réèlì gẹ́ètì á dípẹtà, yanrìn á kún inú rẹ̀, gẹ́ètì á le, oníṣẹ́ á kàn yí bọ́tìnnì dé òpin. Gẹ́ètì á máa yọ́ lọ, inú onílé á dùn. Kò mọ̀ pé kò sí ohun tó lè dá gẹ́ètì yẹn dúró mọ́. Réèlì ló yẹ kí wọ́n fọ̀.

Ìbéèrè: Nígbà mìíràn gẹ́ètì wa kì í fẹ́ tì. Oníṣẹ́ ní sẹ́ńsọ̀ ló ń yọ òun lẹ́nu, kí òun bá wa bíríìjì rẹ̀, ìyẹn ni pé kí òun yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kí bọ́ọ̀dù sì máa rò pé ó ṣì wà. Ṣé ká gbà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà.

Wọ́n pè mí sí ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú lọ́jọ́ kan torí ilẹ̀kùn wọn tẹ ọmọkùnrin tó ń kó páálí ní èjìká. Rọ́bà wà létí ilẹ̀kùn, ó dúdú mìnìjọ̀, kò ní ìdọ̀tí. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀kùn ń bọ̀ nílẹ̀ ṣá. Mo ṣí àpótí bọ́ọ̀dù. Wáyà rọ́bà ti gé, wọ́n fi tépù dúdú wé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní ojú ibi tó yẹ kó wọ̀, wọ́n ki rẹ̀sísítọ̀ bọ̀ ọ́, kò ju ẹ̀wà kan lọ: kílóòmù 8.2. Bọ́ọ̀dù ń ka 8.2 láti àárọ̀ dalẹ́, ó gbà pé rọ́bà ń bẹ lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo ẹni tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn yẹn kọjá ń wo rọ́bà náà, ọkàn wọn sì balẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ohun ààbò tí wọ́n bíríìjì burú ju kí ó má sí lọ. Èjìká ọmọ náà san, a dúpẹ́.

Sẹ́ńsọ̀ tó ń ṣe ségesège ní ohun tó ń ṣe é, kì í sì í sábà le láti wò. Eruku ọyẹ́ lè bo ojú rẹ̀. Aláǹtakùn lè ta òwú síwájú rẹ̀, ọmọńlé sì fẹ́ràn ibẹ̀ torí kòkòrò. Mọ́tò lè ti kọlu òpó, kí ojú méjèèjì má wo ara wọn mọ́. Lẹ́bàá ọ̀sà àti òkun, ní Ìkòyí àti Victoria Island, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ń jẹ ẹnu wáyà. Bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ nìkan ni wàhálà náà ń wáyé, ẹ wo oòrùn: ó ń wọ ojú èyí tó ń gba iná. Ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ àpótí méjèèjì. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra tuntun, ẹ yan èyí tó ní àpótí méjì ju èyí tó ń fi dígí dá iná padà lọ, torí nínú ti dígí, ẹ̀ẹ̀mejì ni iná ń la eruku kọjá.

Ìbéèrè: Wọ́n ri wáyà mọ́ ilẹ̀ lẹ́nu gẹ́ètì wa tó ń mọ̀ bí ọkọ̀ bá dé. Ṣé ìyẹn kò tó?

Irin ló ń mọ̀. Ènìyàn kì í ṣe irin.

Ìbéèrè: Bí NEPA bá mú iná lọ tí ilẹ̀kùn dúró lágbedeméjì ńkọ́?

Èyí ló yẹ kí ẹ béèrè kí ẹ tó rà á. Ẹ́ńjìnnì tó ń lo iná fóòtì (volt) 24 pẹ̀lú bátìrì nínú ni mo fẹ́ fún ilé, torí jẹnẹrétọ̀ kì í yára tó bí ilé bá ń jó. Ní Kalifóníà, lẹ́yìn iná tó jó ọ̀pọ̀ ilé ní 2017, tí àwọn kan kò lè ṣí ilẹ̀kùn ìgbọ́kọ̀sí wọn, wọ́n ṣòfin pé láti oṣù Keje 2019, ẹ́ńjìnnì tuntun gbọ́dọ̀ ní bátìrì. Gbogbo ará ilé ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ìtúsílẹ̀ wà, èyí tí a fi ń tú ilẹ̀kùn kúrò lára ẹ́ńjìnnì ká lè fi ọwọ́ ṣí i, títí kan máígàádì.

Ìkìlọ̀ kan wà fún ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń lọ sókè tó sì ní sípíríǹgì. Okùn pupa wà tí ẹ ń fà láti tú u kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Bí sípíríǹgì bá ti já, tí ilẹ̀kùn sì wà lókè, ẹ má fà á. Sípíríǹgì ló ń gbé ìwúwo ilẹ̀kùn, ẹ́ńjìnnì nìkan ló ṣẹ́kù tó dì í mú. Bí ẹ bá tú u, ó já nìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí wẹ́lídà fọwọ́ kan sípíríǹgì yẹn, iṣẹ́ ẹni tó kọ́ ọ ni.

Ìbéèrè: Owó wa kò pọ̀. Èwo ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Bó bá jẹ́ gẹ́ètì tó ń yọ́ lórí réèlì, irin ìdádúró ní òpin réèlì méjèèjì. Wẹ́lídà á jó o láàárọ̀ kan. Mo ti rí gẹ́ètì onírin tó wúwo tí kò ní in: bí ẹ́ńjìnnì bá tì í kọjá ibi tó yẹ, á bọ́ lórí ìtìlẹ́yìn rẹ̀, á sì dà wó. Lẹ́yìn ìyẹn, sẹ́ńsọ̀ ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, rọ́bà.

Ẹni tó ni ilé iṣẹ́ kò ní àyè yíyàn bẹ́ẹ̀. Òfin ilé iṣẹ́ ti Nàìjíríà, ti ọdún 1987, ti ní kí wọ́n dáàbò bo ibi tó bá léwu lára ẹ̀rọ, ọrùn ẹni tó ń lo ilé iṣẹ́ náà sì ni ojúṣe yẹn wà.

Ìbéèrè: Báwo ni a ṣe máa mọ̀ pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́?

Ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ má fi ara yín dán an wò. Bí ilẹ̀kùn bá ń tì, ẹ na igi ìgbálẹ̀ kọjá ojú sẹ́ńsọ̀. Ó gbọ́dọ̀ padà. Ẹ tún jẹ́ kó máa tì, kí ẹ fi igi kan náà tẹ rọ́bà, ní àárín àti ní igun méjèèjì, torí igun ló ń kọ́kọ́ kú. Fún ilẹ̀kùn tó ń bọ̀ láti òkè, ẹ fi pákó túú-báì-fóò pẹlẹbẹ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì tó bá kan pákó, ó gbọ́dọ̀ ti máa padà sókè. Bí pákó bá ń ké lábẹ́ rẹ̀ tí kò padà, ẹ pa iná rẹ̀ níbi síwíìṣì, kí ẹ yọ bátìrì, kí ẹnikẹ́ni má sì tẹ rìmóòtù títí oníṣẹ́ yóò fi dé.