Kí ló ń jẹ́ Local Housing Allowance? Gbèdéke tó wà lórí ìrànwọ́ owó ilé ní Ìlú Ọba

Ẹni tó ń gbé ilé onílé ní Ìlú Ọba, tí owó tó ń wọlé fún un kò ká bùkátà, lè gba ìrànwọ́ owó ilé lọ́wọ́ ìjọba nínú Universal Credit rẹ̀, ìyẹn owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lóṣooṣù fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré. Ọ̀pọ̀ ló rò pé iye tí onílé bá bù ni ìjọba yóò san. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òdiwọ̀n kan wà fún agbègbè kọ̀ọ̀kan, òun ni wọ́n ń pè ní Local Housing Allowance, tàbí LHA. Bí owó ilé yín bá kéré sí òdiwọ̀n yẹn, iye tí ẹ̀ ń san gan-an ni wọ́n á fi ṣírò. Bó bá jù ú lọ, ìyókù dọwọ́ yín.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń gé òdiwọ̀n náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń kó iye tí àwọn ayálégbé agbègbè kan ń san jọ, wọ́n á yọ ti àwọn tó ń gba ìrànwọ́ kúrò níbẹ̀. Ká ní ilé oníyàrá méjì 100 ni wọ́n kó jọ. Wọ́n á tò wọ́n láti orí èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, wọ́n á máa kà á bọ̀ láti ìsàlẹ̀ títí wọ́n á fi kan ilé tó wà ní ipò 30. Iye tí wọ́n ń san níbẹ̀ ni òdiwọ̀n. Nígbà tí ètò yìí bẹ̀rẹ̀ káàkiri ní oṣù kẹrin ọdún 2008, ilé tó wà láàárín gbùngbùn ni wọ́n ń kà dé. Oṣù kẹrin ọdún 2011 ni ìjọba fà á wálẹ̀ sí 30.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Ilé tí àwọn èèyàn ti ń gbé ni wọ́n kà. Ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣófo, tí ẹ máa lọ bẹ̀ wò lọ́la, ó ṣeé ṣe kí owó tiẹ̀ ti ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Bákan náà, iye tí wọ́n kó jọ láàárín oṣù 12 tó parí ní òpin oṣù kẹsàn-án ni wọ́n fi ń ṣe òdiwọ̀n tó máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ tí òdiwọ̀n tuntun bá balẹ̀, ó ti gbó ní oṣù mẹ́fà.

Èyí ṣì dára tí wọ́n bá ń tún un ṣe lọ́dọọdún. Láti oṣù kẹrin ọdún 2016, ọdún mẹ́rin gbáko ni ìjọba fi dá a dúró sójú kan. Ìgbà tí Kòrónà dé ní 2020 ni wọ́n tó gbé e padà sí 30. Wọ́n tún dá a dúró títí di oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan, kò sì kúrò níbẹ̀ ní 2025. Ní gbogbo àsìkò yẹn, kò sẹ́ni tó dá owó ilé dúró. Ẹ lè máa gbọ́ pé ilé 30 nínú 100 ni ìrànwọ́ ká, àmọ́ tí ọdún méjì mẹ́ta bá ti kọjá lórí òdiwọ̀n tí kò yí padà, iye ilé tó ká gan-an á ti dín púpọ̀.

Ká mú ìyá kan tó ní ọmọ méjì, ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́fà àti obìnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ. Nítorí pé àwọn méjèèjì kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, òfin ní kí wọ́n jọ sun yàrá kan, ilé oníyàrá méjì sì ni wọ́n á ṣírò fún un. Ká ní £1,000 ni owó ilé rẹ̀ lóṣù, kí LHA jẹ́ £850. Lálẹ́ tí owó bá wọlé, á ṣí fóònù, á wo ìlà tí wọ́n kọ Housing sí: £850. Á yọ £150 lára ìlà kejì, èyí tó yẹ kó fi bọ́ àwọn ọmọ. Mítà gáàsì tó máa ń sanwó sí ní £20, á fi £10 sí i. Tí onílé bá wá fi £50 kún owó ilé, ìlà Housing yẹn kò ní mira. Inú oúnjẹ náà ni £50 á tún ti jáde.

Ẹni tó dá wà tí kò tíì pé ọdún 35 tún wà lábẹ́ òdiwọ̀n tó kéré jù, ti yàrá kan nínú ilé àjọgbé. Ọdún 25 ni ààlà ọjọ́ orí yìí tẹ́lẹ̀, oṣù kìíní ọdún 2012 ni wọ́n sún un sí 35. Àwọn kan wà tí òfin yọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi, òfin yìí le jù fún ẹni ọdún 33 tó pàdánù iṣẹ́ nígbà tó ń dá gbé ilé tirẹ̀.

Gbèdéke kejì tún wà lórí ti àkọ́kọ́, ìyẹn benefit cap. Òun ń ka ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìrànwọ́ ìjọba pọ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2023, ìdílé tó wà ní London kò lè gbà ju £25,323 lọ lọ́dún, àwọn tó wà níta London kò lè kọjá £22,020. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí owó rẹ̀ pé ìwọ̀n kan, tàbí tó ń gba owó àìlera, bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdílé tó ti kan gbèdéke yìí kò rí kọ́bọ̀ nínú àfikún LHA ti 2024: ohun tí wọ́n fi ọwọ́ kan fún un, ọwọ́ kejì ti gbà á.

Ẹni tí àlàfo náà bá ń ni lára lè kọ̀wé sí káńsù rẹ̀ fún owó àfikún. Kì í ṣe ẹ̀tọ́, ìgbà díẹ̀ ló sì máa ń wà fún, àmọ́ ẹ béèrè. Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ bá ní gbólóhùn no recourse to public funds (ìyẹn ni pé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba), kí ó má fọwọ́ kan ìrànwọ́ wọ̀nyí láìrí agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìwọ̀lú, torí ó lè ba ìwé rẹ̀ jẹ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn ilé kankan, ẹ tẹ postcode ilé náà sí ojú ìwé LHA lórí gov.uk, kí ẹ wo iye yàrá tí òfin fún yín, kí ẹ fi iye tó bá gbé jáde wé owó tí onílé ń béèrè.