Ẹni tó ti ẹ̀wọ̀n dé ní Àgbádárìgì ṣì lè dìbò

Bí ẹnì kan bá parí ẹ̀wọ̀n, tó padà sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Àgbádárìgì, wọ́n sábà máa ń sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ìbò ò kàn án mọ́, àfi tí gómìnà bá dárí jì í. Irọ́ ni. Abala 77 ìwé òfin 1999 sọ pé ọmọ Nàìjíríà tó ti pé ọdún 18, tó sì ń gbé nílẹ̀ yìí lásìkò ìforúkọsílẹ̀, lẹ́tọ̀ọ́ láti forúkọ sílẹ̀, kó sì dìbò yan aṣòfin. Ẹni tó bá sì lè dìbò yan aṣòfin lè dìbò yan ààrẹ àti gómìnà. Abala náà ò yọ ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n rí sílẹ̀.

Ipò dídu ni ẹ̀wọ̀n ń dí. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi jìbìtì tàbí irú ẹ̀ṣẹ̀ àìṣòótọ́ mìíràn kò lè díje títí ọdún 10 yóò fi kọjá. Ibẹ̀ ni ìdáríjì ti wúlò: ní 1999, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn gbà pé ìdáríjì tí Ọbásanjọ́ gbà ti pa ìdálẹ́bi rẹ̀ rẹ́.

Ẹni tó ṣì wà lẹ́wọ̀n ńkọ́? Ilé-ẹjọ́ gíga àpapọ̀ ní Benin dá a láre ní 2014 pé ó lè dìbò. Síbẹ̀ ìbò 2023 wáyé láìsí àpótí ìbò nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ó dunni gan-an.

Káàdì ìdìbò gan-an ló ń fa wàhálà fún ẹni tó ti jáde. Ọ̀pọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ, káàdì wọn sì ti sọnù. Ẹ jọ̀wọ́, kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má forúkọ sílẹ̀ bíi tuntun o! Ẹ̀ṣẹ̀ ni ìforúkọsílẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì lábẹ́ òfin ìdìbò, ó sì lè fa owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n. Kí ló tún burú tó kéèyàn tìtorí káàdì padà síbi tó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde? Kó lọ sí ọ́fíìsì INEC ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, kó sọ pé káàdì òun sọnù, kó sì gba òmíràn. Tó bá jẹ́ Ìkòròdú ló ti forúkọ sílẹ̀, tó wá ń gbé Àgbádárìgì báyìí, kó ní kí wọ́n gbé orúkọ òun wá. Kó tètè fi ìwé ìbéèrè náà sílẹ̀, kí ìbò tó sún mọ́lé.

Lọ́jọ́ ìbò, ìka tàbí ojú ni BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀, ń yẹ̀ wò, kì í ṣe bóyá èèyàn ti ṣẹ̀wọ̀n rí.