Orúkọ Tí À Ń Pe Ẹ̀yà Mìíràn

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe ní Abẹ́òkúta. Mo ń túmọ̀ fọ́ọ̀mù, ìkéde ìlera àti ìwé ẹ̀rí láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, wọ́n sì máa ń pè mí síbi ìpàdé láti gbẹnu sọ fún àwọn olùsọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ èdè wa. Ohun tó ti kó mi sí wàhálà jù lọ nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfin tàbí ti ìṣègùn. Orúkọ ẹ̀yà ni.

Ní nǹkan bí ọdún méjìlá sẹ́yìn, a ń ṣèpàdé lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé, kò jìnnà sí Sábó. Olùsọ̀rọ̀ ní kí àwọn òbí tó jẹ́ Haúsá náà kó ọmọ wọn wá. Èmi gbà á lẹ́nu rẹ̀, mo ní, "Kí àwọn àbókí náà kó ọmọ wọn wá." N kò tilẹ̀ rò ó, torí ohun tí mo ń gbọ́ láti kékeré nìyẹn. Bàbá àgbàlagbà kan dìde. Ó fi èdè Ẹ̀gbá tó já gaara ju tèmi lọ sọ pé Abẹ́òkúta ni wọ́n bí òun sí, pé ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá òun sí, pé ọ̀rẹ́ ni "aboki" ń jẹ́ ní èdè àwọn. Ó wá bi mí pé, "Ọmọ yín tó bá wá ra súyà lọ́wọ́ mi, tó ní 'àbókí, dá mi lóhùn', ṣé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń pè?" Mo dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, mo bẹ bàbá. Ó dárí jì mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Ohun tí bàbá yẹn kọ́ mi ni pé ìtumọ̀ tó wà nínú ìwé atúmọ̀ kọ́ ló ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ta ara. Wọ́n ní "yàmìrín" tí à ń pe ọmọ Ìgbò, inú gbólóhùn tí àwọn fúnra wọn fi ń tọrọ omi mu ló ti jáde. Ta ló máa ń bínú torí omi? Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí a ti ń lò ó: níbi ìjà, níbi àìdọ́gba owó, lẹ́yìn ẹni tó ń lọ. "Kòbókòbó" tí à ń pe ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá ni èmi ò lè gbà rárá, torí ohun tó ń sọ ni pé èdè ẹni yẹn kì í ṣe èdè, ariwo lásán ni. Ẹ rántí pé wọ́n ń ṣe é fún àwa náà. Yorùbá tó bá ti gbé ìlà oòrùn Náíjíríà rí yóò ti gbọ́ "ńgbàtí-ńgbàtí", tí wọ́n fi ń sín "nígbà tí" wa jẹ. Ẹni tí wọ́n bá pè bẹ́ẹ̀ rí mọ bó ṣe máa ń rí lára.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé, "A ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ tipẹ́, wọn ò sì bínú." Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń ta àlùbọ́sà fún yín ní Làfẹ́nwá, ṣé yóò bá oníbàárà rẹ̀ jà ni? Ayálégbé tí owó ilé rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ṣé yóò bá lánlọ́ọ̀dù fa ọ̀rọ̀ orúkọ? Wọ́n dákẹ́ ni. Ìdákẹ́ wọn ni àwa kà sí pé wọ́n gbà bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àṣà òyìnbó ni yíyí orúkọ padà. Ìlú wa yìí gan-an jẹ́ ẹ̀rí. Nígbà tí míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì kan, Henry Townsend, bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn tirẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, àkọlé tó fún un ni Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ẹ tún un kà. Ẹ̀gbá lọ́tọ̀, Yorùbá lọ́tọ̀. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ni "Yorùbá" ń tọ́ka sí láyé ìgbà yẹn, ẹnu àwọn Haúsá ni orúkọ náà sì ti kọ́kọ́ jáde kí àwọn míṣọ́nnárì tó nà án bo gbogbo wa. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ńkọ́? "Àkú" ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, torí "ẹ kú, ẹ kú" tí wọ́n ń kí ara wọn ní gbogbo ìgbà. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ará ìta ló wo ilé wa, òun ló sọ wá lórúkọ. A gba Yorùbá, a sọ ọ́ di tiwa. Ohun tó sọ ọ́ di orúkọ rere ni pé àwa fúnra wa tẹ́wọ́ gbà á.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti àwọn ará Ìlaròó àti agbègbè rẹ̀. Ẹgbádò ni wọ́n ń jẹ́ nígbà tí mo wà nílé ìwé. Ní 1995 wọ́n ní àwọn kò jẹ́ ẹ mọ́, wọ́n mú orúkọ odò wọn, Yewa. Gbogbo wa yí ẹnu wa padà, ojú ọ̀run kò já. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí à ń pè ní Ègùn, ní Ìpókíá títí dé Àgbádárìgì, ń sọ fún wa pé Ògù ni àwọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń kọ ọ́ sínú ìwé báyìí: Ògù. Ìgbò náà nìyẹn, mi ò kọ "Ìbò" mọ́.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe adúláwọ̀ ti yí lọ́pọ̀ ìgbà láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Nígbà tí wọ́n dá NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ adúláwọ̀, sílẹ̀ ní 1909, "Colored" ni ọ̀rọ̀ ọmọlúwàbí, òun sì ni lẹ́tà C inú orúkọ ẹgbẹ́ náà dúró fún. Lẹ́yìn náà ó di "Negro". Martin Luther King fúnra rẹ̀ lò ó fún àwọn èèyàn rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó sọ ní Washington ní 1963. Kí ọdún 1970 tó dé, àwọn ọ̀dọ́ ti kọ̀ ọ́, wọ́n gbé "Black" lárugẹ, bẹ́ẹ̀ èébú ni "Black" létí ọ̀pọ̀ bàbá wọn. Ní 1988 Jesse Jackson, àlùfáà tó ń jà fún ẹ̀tọ́ adúláwọ̀, ní kí wọ́n máa pe àwọn ní "African American". Ní 2013, àjọ ìkànìyàn wọn kéde pé "Negro" yóò kúrò nínú fọ́ọ̀mù àwọn, ní 2016 Obama sì buwọ́ lu òfin tó yọ ọ́ kúrò nínú àwọn òfin ìjọba àpapọ̀ kan. Síbẹ̀ NAACP kò yí orúkọ rẹ̀. "Coloured" yẹn kan náà sì jẹ́ orúkọ odidi ẹ̀yà kan ní Gúúsù Áfíríkà títí di òní. Ọ̀rọ̀ kan náà, ilẹ̀ méjì, ìtumọ̀ méjì.

Mo sọ èyí nítorí àwọn òbí tí ọmọ wọn wà lókè òkun. Ẹ kìlọ̀ fún wọn nípa "akátá". Àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ti mọ̀ pé orúkọ ẹranko igbó ni, ó sì ń dùn wọ́n gan-an pé ẹnu ìbátan wọn ni ó ti ń jáde.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó ń ká mi lára ni "Gáná Mọ́sì Gò" tí à ń fi pe àpò onílà yẹn. Ní January 1983 ni ìjọba wa ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò, àwọn ará Gánà ló pọ̀ jù, inú àpò yẹn sì ni wọ́n kó ẹrù wọn sí. Ní 1969, Gánà ti kọ́kọ́ lé àwọn èèyàn wa bẹ́ẹ̀, àwọn oníṣòwò Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. N kò ní kí ẹ dá ìyá alápò dúró ní Kútọ̀. Ṣùgbọ́n bí ará Gánà bá jókòó tì yín, ẹ pè é ní àpò.

Ibì kan wà tí n kì í ti yí ọ̀rọ̀ padà. Bí ẹlẹ́rìí bá bú ẹnìkan ní kóòtù, bó ṣe bú u ni n óò ṣe túmọ̀ rẹ̀, nítorí adájọ́ ní láti gbọ́ ọ. N kò sì fara mọ́ àwọn tó fẹ́ fọ oríkì àti ìtàn àtijọ́ mọ́. Bí Tápà tàbí Gàm̀bàrí bá wà nínú oríkì, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ìkéde àti lẹ́tà tòní, Núpé àti Haúsá ni kí ẹ kọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, alága ìjókòó kan pè mí lórí fóònù. Ó fẹ́ darí ìdána ọmọ Òwu kan àti ọkọ rẹ̀ tí ilé rẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ Benue. Ó ní kí ni òun yóò máa pe àwọn ẹbí ọkọ, ṣé ará Òkè Ọya ni tàbí Haúsá. Mo ní kó pe ìyá ọkọ, kó bi í. Ó pè é. Ìyá náà ní Ìdọ́mà ni àwọn, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí àlejò káàbọ̀ ní èdè wọn.