Sìgá, Imú àti Ahọ́n: Kí Ló Ń Mú Kí Oúnjẹ Tẹ́ Lẹ́nu Amusìgá?

Ìbéèrè: Ọjọ́ pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń mu sìgá, ọbẹ̀ tí gbogbo wa ń jẹ tí a ń yìn, iyọ̀ ni wọ́n máa ń tún bù sí i. Ṣé sìgá ló ba ahọ́n wọn jẹ́ ni?

Ìdáhùn: Sìgá lè wà nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má dá ahọ́n nìkan lẹ́bi. Ohun tí ahọ́n fúnra rẹ̀ lè mọ̀ kò pọ̀: dídùn, iyọ̀, kíkan, kíkorò, àti adùn kan tó wà nínú ẹran, olú àti irú. Imú ni ó ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yòókù, nítorí pé òórùn oúnjẹ tí a ń jẹ máa ń gba ẹ̀yìn ọ̀fun gòkè lọ sínú imú, ibẹ̀ ni a sì ti ń mọ ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ yàtọ̀ sí ti ègúsí. Ìdí nìyẹn tí oúnjẹ fi máa ń tẹ́ lẹ́nu ẹni tí ọ̀fìnkìn dí nímú, bí ahọ́n rẹ̀ tilẹ̀ dá ṣáṣá. Ní 1990, àwọn olùwádìí Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 638, wọ́n sì rí i pé bí sìgá tí ènìyàn mu ṣe pọ̀ tó ni agbára rẹ̀ láti dá òórùn mọ̀ ṣe ń dínkù tó. Díẹ̀díẹ̀ ni àdánù yìí ń wáyé, nítorí náà amusìgá kì í fura. Ọbẹ̀ ni ó máa ń rò pé kò dùn.

Ìbéèrè: Ahọ́n ńkọ́?

Ìdáhùn: Òun náà kò bọ́. Nikotíìnì, èròjà inú tábà tó ń sọ sìgá di bárakú, máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ni ó ń bọ́ àwọn kókó wẹ́wẹ́ orí ahọ́n tí sẹ́ẹ̀lì ìtọ́wò wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n yẹ ahọ́n àwọn ọmọ ogun 62 wò ní Gíríìsì, nínú ìwádìí tó jáde ní 2009, kókó ahọ́n àwọn amusìgá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú wọn sì ti dínkù.

Ìbéèrè: Bí kò bá sí èéfín, ṣé nikotíìnì nìkan lè ṣe é?

Ìdáhùn: Nikotíìnì fúnra rẹ̀ korò, ó sì ń ta ẹnu. Ìwádìí kan tí wọ́n fi eku ṣe ní 2006 fi hàn pé bí wọ́n bá fi sí ahọ́n, àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ń gba ìròyìn ìtọ́wò máa ń dẹwọ́. Síbẹ̀, kí ẹni tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì láti fi jáwọ́ nínú sìgá má torí èyí dá a dúró, nítorí ewu èéfín ju tirẹ̀ lọ fíìfíì.

Ìbéèrè: Bí ẹ̀gbọ́n mi bá jáwọ́, ṣé adùn oúnjẹ yóò padà?

Ìdáhùn: Ó sábà máa ń padà, inú mi sì dùn láti sọ ọ́. Sẹ́ẹ̀lì ìtọ́wò kì í pẹ́ láyé. Láàárín bí ọjọ́ mẹ́wàá, tuntun ti ń rọ́pò ògbólógbòó, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń rí ìyàtọ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ti imú lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá fún ẹni tó ti mu ún púpọ̀. Ní báyìí ná, ẹ bá wọn gbé iyọ̀ kúrò nítòsí, kí ẹ fi irú àti efinrin kún ọbẹ̀ wọn, kí ẹ sì mú wọn lọ yẹ ìfúnpá wò, nítorí pé iyọ̀ àpọ̀jù àti nikotíìnì jọ ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru ni.